Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ìparí sáà kẹta ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ: kí ni owó ilé-ìwé ń rà fún wa?

Ẹ mú ìwé ìṣirò tí ọmọ yín lò ní sáà kẹta, kí ẹ máa ṣí i láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú. Ẹ ó kọ́kọ́ kọjá lára àwọn ojú ìwé tó ṣófo, kí ẹ tó kan èyí tí báírò pupa tíṣà fọwọ́ bà gbẹ̀yìn. Ẹ wo déètì tó wà lókè rẹ̀. Bí déètì náà bá jẹ́ 20 oṣù kẹfà, tí ilé-ìwé sì gba ìsinmi ní 25 oṣù keje, ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko nìyẹn. Ẹ yọ ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi ṣe ìdánwò kúrò, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọmọ fi wọ yúnífọ́ọ̀mù, tó gbé báàgì kọ́rùn, tó wọ ọ̀kadà lọ, tó wọ̀ ọ́ bọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì fi nǹkan kan kún ohun tó mọ̀. Nígbà mìíràn ẹ ó rí àkọlé “Revision” pẹ̀lú ìlà mẹ́ta péré lábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn, àwòrán mọ́tò àti orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ. Ìwé yẹn gan-an ni rìsíìtì yín. Òun ló máa sọ ohun tí owó yín rà.

Ohun tí à ń gbé yẹ̀wò níbí kì í ṣe ilé-ìwé kan pàtó. Iṣẹ́ kan náà ni, tí àwọn ilé-ìwé aládàáni ń tà fún òbí láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ṣàgámù, láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Ìpẹ̀rù, tí ilé-ìwé ìjọba náà sì ń ṣe: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ̀kọ́ tuntun ti dúró, tí káàdì èsì kò sì tíì jáde. Bí a bá fẹ́ fún iṣẹ́ yìí ní máàkì bí wọ́n ṣe ń fún ọmọ, 3 nínú 10 ni yóò gbà, a ó sì sọ ibi tí 3 náà ti wá. Ọ̀pọ̀ òbí gbà pé ọ̀lẹ tíṣà ló fa òfò yìí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Káàdì èsì ló fà á: bí wọ́n ṣe ń ṣe é, àti ìgbà tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ilé-ìwé tó bá tún ọ̀nà tí káàdì ń gbà jáde ṣe, èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà ló máa gbà padà.

Ẹ jẹ́ ká ka ohun tó sọnù ná. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdìrì, píríọ́ọ̀dù kan jẹ́ ìṣẹ́jú 40, mẹ́jọ sì ni lójúmọ́. Wákàtí márùn-ún àti ogún ìṣẹ́jú nìyẹn. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó di píríọ́ọ̀dù 120, wákàtí 80 géérégé. Ìṣirò nìkan, bó bá ní píríọ́ọ̀dù márùn-ún lọ́sẹ̀, pàdánù 15 nínú rẹ̀, ìyẹn sì tó fi kọ́ àkòrí mẹ́ta kí wọ́n tún ṣe tẹ́ẹ̀sì lé e. Ní ti owó, bí ilé-ìwé kan bá ń gba ₦65,000 fún sáà ọlọ́sẹ̀ 13, ₦5,000 ni ti ọ̀sẹ̀ kan. ₦15,000 ti bá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn lọ, kí òbí tó san owó páátì ìparí ọdún, owó aṣọ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tó ń jáde, àti owó lẹ́sìnnì oṣù kẹjọ.

Sáà kẹta fúnra rẹ̀ kì í gùn tó bí kàlẹ́ńdà ṣe ń sọ. Ọjọ́ òṣìṣẹ́ wà nínú rẹ̀ ní 1 oṣù karùn-ún, ọjọ́ àwọn ọmọdé ní 27 oṣù karùn-ún, àti ọjọ́ ìjọba tiwa-n-tiwa ní 12 oṣù kẹfà. Láwọn ọdún tí a wà yìí, inú rẹ̀ náà ni Iléyá ń bọ́ sí, Ojúde Ọba sì ń tẹ̀lé e ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ní 2024, ọjọ́ Wẹ́sìdeè ni 12 oṣù kẹfà, Iléyá bọ́ sí ọjọ́ Àìkú 16, ìjọba fún wa ní Mọ́ńdè àti Túsìdeè fún ìsinmi, ọjọ́ Túsìdeè náà sì ni Ojúde Ọba. Láti Wẹ́sìdeè dé Túsìdeè, ọjọ́ méjì péré ni ilé-ìwé ṣí. Ní 2025, Iléyá bọ́ sí Fúráìdè 6 oṣù kẹfà, Mọ́ńdè jẹ́ ìsinmi, Tọ́sìdeè 12 tún jẹ́ ìsinmi. Kò sí ẹni tó máa ní kí ọmọ Ìjẹ̀bú má bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ wo Ojúde Ọba nítorí ilé-ìwé, kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó jẹ́ àjálù nínú àwọn ọjọ́ wọ̀nyí. A ti mọ̀ wọ́n, bó bá yẹ̀, ọjọ́ kan ló máa fi yẹ̀. Ilé-ìwé tó bá pín iṣẹ́ sáà kẹta sí ọ̀sẹ̀ 11 bí ẹni pé kò sí ìsinmi nínú rẹ̀, ti pàdánù ọ̀sẹ̀ kan láti ọjọ́ kìíní.

Síbẹ̀, iye wákàtí kọ́ ló burú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó burú jù ni pé ibì kan náà ni òfò náà ń bọ́ sí lọ́dọọdún. Ẹ wo ètò iṣẹ́ ìṣirò JSS1 fún sáà kẹta. Ó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdọ́gba kéékèèké, èyí tí wọ́n ń wá iye x. Lẹ́yìn náà ni àwọn àwòrán bí onígun mẹ́ta àti onígun mẹ́rin, àwọn nǹkan bí páálí àti agolo tí a ń wọn inú wọn, fífi kọ́ńpáàsì ya ìlà àti igun, ìwọ̀n igun, kí ó tó wá kan kíkó àwọn iye jọ, wíwá ìpíndọ́gba wọn, èyí tó wà láàárín, àti èyí tó wáyé jù. Bí ẹ̀kọ́ bá dúró ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, apá ìkẹyìn yẹn ló ń bọ́. Ọmọ gòkè sí JSS2, jiọ́mẹ́tírì, ìyẹn ìṣirò àwòrán àti igun, àti àkójọ iye tún wà ní ìparí, wọ́n tún bọ́. Ní SS2, ọ̀pọ̀ ètò iṣẹ́ ló fi bíárìn-ìn (fífi igun sọ ìhà tí ibì kan wà) àti próbábílítì (ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀ tó) sí sáà kẹta, àwọn náà tún bọ́. Nítorí náà, ọmọ kò pàdánù díẹ̀díẹ̀ nínú gbogbo nǹkan. Ohun kan náà ló ń pàdánù léraléra. Nígbà tó bá dé iwájú ìwé WAEC, tó sì fo ìbéèrè orí àyíká àti igun kọjá, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé orí rẹ̀ kò pé. Ìròyìn àwọn olùyẹ̀wò àgbà WAEC kì í yé mẹ́nu ba jiọ́mẹ́tírì gẹ́gẹ́ bí ibi tí àwọn ọmọ ti ń kùnà. Ìwé àwọn ọmọ náà ló máa sọ ìdí fún yín: ojú ìwé ibẹ̀ ló ṣófo.

Ẹ wo ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo nínú wọn: bí a ṣe ń fi kọ́ńpáàsì àti rúlà ya igun 60°. Ọmọ yóò fa ìlà kan, yóò gbé ṣóńṣó kọ́ńpáàsì lé òpin kan, yóò ya àyíká díẹ̀ tó gé ìlà náà. Láìfọwọ́ kan ẹnu kọ́ńpáàsì rárá, yóò gbé ṣóńṣó lé ibi tí ó gé ìlà, yóò tún ya òmíràn tó gé ti àkọ́kọ́. Yóò fi rúlà so ibi tí méjèèjì ti pàdé mọ́ òpin ìlà. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú méjì, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni iṣẹ́ yẹn. Pẹ́ńsù tí kò le dáadáa nínú kọ́ńpáàsì máa yọ̀, ẹnu rẹ̀ á fẹ̀ sí i, igun á di 57° tàbí 63°. Pẹ́ńsù tí kò mú á fa ìlà tó nípọn, ọmọ kò ní mọ ibi tó yẹ kó fi rúlà sí. Ní kíláàsì ọlọ́mọ 45 tí kọ́ńpáàsì 15 wà, ọmọ mẹ́ta ni yóò máa pín ọ̀kan, tíṣà sì gbọ́dọ̀ dé ìdí àga kọ̀ọ̀kan. Píríọ́ọ̀dù méjì tó tẹ̀ léra ló ń gbà. Irú ẹ̀kọ́ báyìí kì í ṣeé pè fún ọmọ kó máa kọ ní ìṣẹ́jú 40 tó kù kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí tíṣà fi ń fò ó.

Kí ló wá dé tí ìdánwò fi ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, nígbà tí sáà jẹ́ ọ̀sẹ̀ 13? Ẹ̀yìn ni pírínsípà ti ń ka ọjọ́ bọ̀ wá síwájú. Káàdì gbọ́dọ̀ délẹ̀ lọ́jọ́ ìparí, káàdì sáà kẹta sì wúwo ju ti sáà méjì yòókù lọ. Ó gbọ́dọ̀ ro máàkì sáà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kó pín in sí mẹ́ta, kó sọ ipò ọmọ nínú kíláàsì, kó sì sọ bóyá ó gòkè tàbí ó máa tún kíláàsì ṣe. Kíláàsì ọlọ́mọ 45 tó ń ṣe sọ́bújẹ́ẹ̀tì 15 ní máàkì 675 ní sáà kan, 2,025 lọ́dún. Tíṣà kíláàsì tó bá ń fi báírò àti kálíkúlétọ̀ kó gbogbo èyí sórí broadsheet, ìyẹn ìwé gbọọrọ tó ń gba orúkọ àti máàkì gbogbo kíláàsì, á lò tó ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Tí àròpọ̀ ìsàlẹ̀ kò bá bá ti ẹ̀gbẹ́ mu, ó di àtúnṣe. Lẹ́yìn náà ló ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, níbi tí ilé-ìwé mẹ́rin tàbí márùn-ún ti tò sílẹ̀ lọ́sẹ̀ kan náà, tí iná bá sì lọ, jẹnẹrétọ̀ ló kù. Pírínsípà tó ti rí èyí rí yóò fi ọjọ́ mẹ́ta kún un nítorí àìmọ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, yóò tún fi méjì kún un. Bí ìdánwò ṣe kúrò ní ọ̀sẹ̀ 12 tó padà sí 10 nìyẹn, láìsí ìpàdé kankan tí wọ́n ti fẹnu kò lé e lórí.

Ohun tó ń tún un ṣe kò wọ́n, apá àkọ́kọ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ gba kọ̀ǹpútà. Tíṣà ìṣirò tó ní kíláàsì mẹ́rin, ọmọ 45 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní ìwé 180 láti máàkì. Tíọ́rì, ìṣẹ́jú márùn-ún fún ìwé kan, jẹ́ wákàtí 15. Èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní obj, tí wọ́n ń mú A tàbí B tàbí C tàbí D, ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta tí tíṣà bá ń wo ìdáhùn kọ̀ọ̀kan lójú: wákàtí mẹ́sàn-án nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí ìwé ìdáhùn bá jẹ́ onílà tó dọ́gba, tí tíṣà sì mú páálí kan tó ti dá ihò sí ibi gbogbo ìdáhùn tó tọ̀nà, yóò kàn gbé páálí lé ìwé ọmọ, yóò ka iye ihò tí àmì wà nínú rẹ̀, ìṣẹ́jú kan ti tó. Wákàtí mẹ́sàn-án di mẹ́ta. Ẹ ṣọ́ra fún ọmọ tó mú ìdáhùn méjì fún ìbéèrè kan, nítorí páálí kò ní fi ìkejì hàn. Ẹ kọ́kọ́ fi ojú sáré wo ìwé náà kí ẹ tó gbé páálí lé e. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ di wákàtí 18, tó jẹ́ wákàtí mẹ́ta lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́fà. Tí ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń pẹ́ jù láti máàkì, bá wà ní ọjọ́ kìíní àti ìkejì ìdánwò, àwọn tíṣà wọn á ti parí kí ọmọ tó kọ ìwé ìkẹyìn. Ọ̀pọ̀ táìmù-tábù ìdánwò ló fi ìṣirò sí àárín tàbí ìparí kí àwọn ọmọ lè ráyè kàwé sí i, gbogbo kíláàsì á wá dúró de tíṣà kan ṣoṣo.

Broadsheet ni apá kejì. Laptop kan tí Excel, ètò kọ̀ǹpútà tó ń bá ni ro iye, wà nínú rẹ̀ tó fún ilé-ìwé tó ní ọmọ 300. Àṣírí rẹ̀ ni pé kí wọ́n tẹ máàkì sáà kìíní àti ìkejì sínú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kìíní sáà kẹta, nígbà tí kò sí ẹni tó ń sáré. Bó bá wá di ìparí, máàkì 675 nìkan ló kù fún kíláàsì kan. Ẹni méjì ni kó ṣe é: ọ̀kan ń pè é, èkejì ń tẹ̀ ẹ́, kò sì ju wákàtí méjì lọ. Fún ìpíndọ́gba sáà mẹ́ta, tí máàkì sáà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà ní C, D àti E, tí ìdáhùn sì máa wà ní F: =AVERAGE(C5:E5). Fún ipò, tí ọmọ 45 bá wà ní ìlà 5 dé 49: =RANK(F5,F$5:F$49). Àmì $ yẹn ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Tí kò bá sí níbẹ̀, bí ẹ ṣe ń fa fọ́múlà náà sísàlẹ̀ ni ìlà tó ń wò á máa sún pẹ̀lú yín, títí ọmọ ìkẹyìn lórí ìwé orúkọ yóò fi máa figagbága pẹ̀lú ara rẹ̀ nìkan, tí yóò sì gba ipò kìíní. Òbí á jó délé, ilé-ìwé á wá gba káàdì padà. Àṣìṣe kejì ni ti ọmọ tí kò ṣe ìdánwò sáà kan. Tí ẹ bá fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófo, tàbí tí ẹ kọ “ABS” síbẹ̀, Excel á fi méjì pín máàkì rẹ̀. Tí ẹ bá kọ 0, á fi mẹ́ta pín in. Ìyàtọ̀ náà lè sọ ẹni tó gòkè di ẹni tó tún kíláàsì ṣe. Kí ilé-ìwé fẹnu kò lórí èyí tí wọ́n máa lò kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì jẹ́ ìkan náà fún gbogbo kíláàsì.

Àwọn ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tà fún ilé-ìwé láti máa ṣe káàdì wà pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń gba owó lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní sáà kọ̀ọ̀kan. Ìṣirò kan náà ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n dára fún ilé-ìwé ńlá tí òbí fẹ́ máa wo èsì lórí fóònù. Ṣùgbọ́n tí gbogbo tíṣà bá dúró di alẹ́ tó kẹ́yìn kí wọ́n tó tẹ máàkì sí i, ohun kan náà ló máa ṣẹlẹ̀ bíi ti báírò, nẹ́tíwọ́ọ̀kì nìkan ni ẹ ó ti kún un.

Àwọn ohun mìíràn ń jẹ nínú ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn pẹ̀lú. WAEC àti NECO ń gba gbọ̀ngàn àti àga, wọ́n sì ń gba lára àwọn tíṣà láti lọ ṣọ́ ìdánwò níbòmíràn. Èyí kò ṣeé yẹ̀. Ohun tí a kì í sábà rò ni pé nígbà tí SS3 àti JSS3 bá ti parí, àwọn tíṣà wọn ní àyè lọ́wọ́. Tíṣà tó ń kọ́ kíláàsì méjèèjì ní ìṣirò ní píríọ́ọ̀dù mẹ́wàá tó ṣófo lọ́sẹ̀ kan. Kò sí ẹni tó ń pín àyè yẹn fún ẹnikẹ́ni. Pírínsípà tó bá tún táìmù-tábù ṣe ní ọjọ́ kan ṣoṣo, kété tí JSS3 bá ti kọ ìwé ìkẹyìn, lè rí tíṣà kejì fún JSS1 kó lè gbé kọ́ńpáàsì dé ìdí gbogbo àga.

Ti ìmúrasílẹ̀ fún ayẹyẹ ìparí ọdún, ibẹ̀ ni máàkì 3 tí a fún iṣẹ́ yìí ti wá, tọkàntọkàn sì ni. Ọmọ tó há ewì sórí, tó dúró níwájú àgbàlagbà tó sì kì oríkì ìlú rẹ̀ láìgbọ̀n, ti kọ́ nǹkan. Ijó, eré orí ìtàgé, orin ìbílẹ̀, ẹ̀kọ́ ni gbogbo wọn. Àléébù rẹ̀ ni pé ọmọ 30 ló ń jó, 200 ló jókòó lábẹ́ igi tó ń wò wọ́n láti aago mẹ́wàá títí di aago kan, ọ̀sẹ̀ méjì. Kí wọ́n ṣe é láti aago kan, kí àwọn tí kò sí nínú rẹ̀ wà ní kíláàsì.

Báwo ni iṣẹ́ yìí ṣe máa rí tó bá dára? Ní sáà ọlọ́sẹ̀ 13, ẹ̀kọ́ tuntun ń lọ títí di òpin ọ̀sẹ̀ kẹwàá. Ìdánwò bọ́ sí ọ̀sẹ̀ 11 àti 12, ní àárọ̀ nìkan, ìwé méjì lójúmọ́. Lẹ́yìn ìsinmi ọ̀sán, píríọ́ọ̀dù mẹ́ta ń lọ lójoojúmọ́ fún àwọn àkòrí tó kù. Wákàtí méjì ni ìyẹn lójúmọ́, 20 ní ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn òbí kan á ní ọmọ á rẹ̀. Kó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n á ṣe lọ́sàn-án, bíi yíya igun, wíwọn yàrá, yíya àtẹ. Ní ọ̀sẹ̀ 13, Mọ́ńdè sí Wẹ́sìdeè jẹ́ ti kọrẹ́kíṣọ̀n, Tọ́sìdeè àti Fúráìdè jẹ́ ti ayẹyẹ àti káàdì.

Kọrẹ́kíṣọ̀n yẹn ló níye lórí jù nínú gbogbo rẹ̀, òun ló sì ṣọ̀wọ́n jù. Ọ̀pọ̀ ọmọ kì í fojú kan ìwé ìdánwò sáà kẹta wọn mọ́. 42 ni wọ́n á rí lórí káàdì, wọn kò ní mọ ibi tí 58 yòókù gbà lọ. Kí tíṣà dá ìwé padà, kí ó mú ìbéèrè mẹ́ta tí àwọn ọmọ kùnà jù, kí ó ṣe é lójú pátákó, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan tún tirẹ̀ ṣe pẹ̀lú báírò aláwọ̀ mìíràn. Píríọ́ọ̀dù méjì tó fún sọ́bújẹ́ẹ̀tì kan. Ìgbà yẹn ni ọmọ ṣì rántí ohun tó rò nígbà tó kọ ọ́. Tó bá di oṣù kẹsàn-án, ó ti gbàgbé.

Bí àkójọ iye bá sì ti bọ́ nínú ètò, ó ṣeé fi ọjọ́ tí tíṣà ń máàkì ṣe. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan béèrè iye tí kóńgò gàrí kan jẹ́ ní ibi márùn-ún ní Òkè-Ajé tàbí ní ọjà tó sún mọ́ ilé wọn. Ká ní ó rí ₦1,000, ₦1,100, ₦1,100, ₦1,200 àti ₦1,350. Àròpọ̀ jẹ́ ₦5,750, ìpíndọ́gba ₦1,150, èyí tó wà láàárín ₦1,100, èyí tó wáyé jù ₦1,100. Lẹ́yìn náà ni kí tíṣà béèrè ìdí tí ìpíndọ́gba fi ga ju èyí tó wà láàárín lọ, kí àwọn ọmọ fi ọwọ́ ara wọn mú ₦1,350 jáde pé òun ló fà á. Kíláàsì tó ti ṣe èyí kò ní da ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn pọ̀ mọ́. Rẹ́mọ ló yẹ kó mọ irú ẹ̀kọ́ báyìí jù: Ìkẹ́nnẹ́ ni Tai Solarin dá ilé-ìwé Mayflower sílẹ̀ sí ní 1956, níbi tí ọmọ ilé-ìwé ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ oko àti iṣẹ́ ilé kíkọ́ pẹ̀lú ìwé kíkà.

Ní ilé-ìwé ìjọba, pàápàá ní àwọn abúlé, òfò náà ń gba ibòmíràn wọlé. Ní ọjọ́ kejì tí ìdánwò bá parí, ọmọ 45 á di 12, nígbà tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n á ku mẹ́fà. Ìyá ti mú ọmọ lọ sí ìsọ̀, bàbá ti mú un lọ sóko. Tíṣà kò lè kọ́ ọmọ mẹ́fà ní àkòrí tuntun, nítorí 39 kò ní mọ̀ ọ́n. Òbí náà kò sì ní rán ọmọ wá, nítorí tíṣà kò kọ́ wọn ní nǹkan kan. Ibi tó ṣeé já okùn yẹn ni máàkì. Tí 10 nínú máàkì 40 tí wọ́n ń gbà kí ìdánwò tó dé bá wà fún iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe ní ọ̀sán àwọn ọ̀sẹ̀ ìdánwò, tí wọ́n sì ti sọ fún òbí ní ìpàdé ìbẹ̀rẹ̀ sáà, àwọn ọmọ á wá. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ náà ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí ìjọba rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 17 oṣù kìíní 1955 kí ọmọ tálákà lè jókòó ní kíláàsì. Ó ń dunni pé àga wà, ilé wà, tíṣà wà lẹ́nu iṣẹ́, tí ọmọ sì wà ní ìsọ̀ ní oṣù keje.

Ó wá ku lẹ́sìnnì ìsinmi, èyí tí wọ́n ń lẹ ìwé rẹ̀ mọ́ gbogbo ògiri kí sáà tó parí. Ó sábà máa ń jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà nínú ìsinmi náà, láti aago mẹ́sàn-án sí aago kan. A fún un ní 5 nínú 10, ó sì ṣeé sọ di 8. Àléébù rẹ̀ tó tóbi jù ni pé iṣẹ́ kíláàsì tuntun ló ń kọ́. Ọmọ tó ń gòkè sí JSS2 á jókòó tí wọ́n ń kọ́ ọ ní iṣẹ́ sáà kìíní JSS2, èyí tí ilé-ìwé máa tún kọ́ ọ ní oṣù kẹsàn-án. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Igun àti ìpíndọ́gba tó bọ́ ní JSS1, kò gbọ́ ọ rárá. Inú òbí á dùn ní oṣù kẹwàá pé ọmọ ń dáhùn ìbéèrè ní kíláàsì, ihò náà sì wà níbẹ̀.

Kí ẹ tó san owó lẹ́sìnnì, ẹ gba ètò iṣẹ́ sáà kẹta lọ́wọ́ tíṣà kíláàsì, tàbí kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìwé ọmọ yín, kí ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo àkòrí tí kò sí nínú ìwé náà. Wọ́n sábà máa ń jẹ́ mẹ́ta sí márùn-ún nínú ìṣirò, àti nǹkan bíi méjì nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ mú ìwé yẹn lọ fún ẹni tó ń ṣe lẹ́sìnnì, kí ẹ sọ fún un pé àwọn wọ̀nyí ni kó fi bẹ̀rẹ̀. Tó bá ní òun kò lè ṣe é nítorí ọmọ 40 láti kíláàsì mẹ́ta ló wà ní yàrá kan, ẹ wá ibòmíràn, tàbí kí òbí mẹ́fà tí ọmọ wọn wà ní kíláàsì kan náà da owó pọ̀ gba tíṣà kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, wákàtí méjì lójúmọ́. Wákàtí 24 nìyẹn, ó tó fún àwọn àkòrí tó bọ́ nínú ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì. Kọ́ńpáàsì kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, pẹ́ńsù tó mú, rúlà tí ẹnu rẹ̀ kò kán.

Tí ẹ bá sì ń wá ilé-ìwé tuntun fún oṣù kẹsàn-án, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀dà ògiri àti bọ́ọ̀sì. Ẹ béèrè ọ̀sẹ̀ tí ìdánwò sáà kẹta bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ẹ béèrè ẹni tó ń ṣe broadsheet àti ohun tó fi ń ṣe é, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi ìwé ìṣirò ọmọ JSS1 kan hàn yín, ìwé èyíkéyìí. Ẹ ṣí i láti ẹ̀yìn.